Ọwọ́ Àgbà Lára Bàálù Àbúrò Mi

Mi ò fẹ́ràn àwọn ọkùnrin tó máa ń dúró ti irin, tí wọ́n á wá máa mi orí. Gbogbo ọdún tí mo lò ní Sokoto, àárín wọn ni mo ti ránṣọ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Tudun Wada, lójú títì kan tí àwọn wẹ́dà tò sí lọ́tùn-ún lósì, àwọn ará Ọ̀yọ́, àwọn ará Ìlọrin, àti àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń jó irin, iná á máa ta pàrà, aṣọ tuntun tí mo bá fi kọ́ síta á sì máa gbóòórùn èéfín. Bí ọwọ́ wọn bá dilẹ̀, wọn á kó ara wọn jọ sídìí géètì tí ẹlòmíì ń ṣe, wọn á fọwọ́ gbá a, wọn á ní, "Ó le." Ìyẹn nìkan ni wọ́n fi ń yin nǹkan. Bí mo bá rán ṣòkòtò fún ọ̀kan nínú wọn, yóò fà á síhìn-ín fà á sọ́hùn-ún, yóò ní ó le. Kò ní wo ojú abẹ́rẹ́, kò ní wo bí mo ṣe gé ìdí rẹ̀.

Láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí ni àbúrò mi ti ní òun fẹ́ kan bàálù.

Òun nìkan ni ìyá wa bí lé mi. Nígbà tí mo bá ọkọ mi wá sí Sokoto, tí ọkọ mi ń ṣe búrẹ́dì, kò pẹ́ tí ìyá wa fi fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá iṣẹ́ ọwọ́ fún un kọ́. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o. Bí mo ṣe fún ọ ni kí o ṣe dá a padà fún mi." Mo fi í sọ́dọ̀ wẹ́dà kan. Ó kọ́ṣẹ́, ó ṣe fìrídọ́ọ̀mù, ó gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́yìn tèmi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, lápá ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó ti di géńdé, ó ti tó ẹni tí í gbéyàwó. Dípò kó gbéyàwó, ìwé bàálù ló ń kà.

Òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń dí odò, lẹ́yìn ìlú, ló kó bá wa. Àbúrò mi bá a jó nǹkan lára katakátá rẹ̀, wọ́n di ọ̀rẹ́, nígbà tí òyìnbó náà sì ń padà sílé rẹ̀, ó gbé páálí ìwé kan fún un. Ìwé àwọn tó ń kan bàálù lágbàlá ilé wọn ni, pẹ̀lú àwòrán ńlá kan tí wọ́n ká bí ẹní, tó fi gbogbo eegun bàálù kan hàn láti imú dé ìrù. Òyìnbó yẹn fúnra rẹ̀ kò kan nǹkankan rí. Ó gbé wèrè rẹ̀ fún ẹlòmíì, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni etí mi kò ti sinmi mọ́. Bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, àbúrò mi á jókòó sórí bẹ́ńṣì mi, á ṣí ìwé.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé kò sí ilé iṣẹ́ bàálù kankan nígbà tí bàálù àkọ́kọ́ fò? Àwọn ọmọ ìyá méjì kan tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni wọ́n fọwọ́ ara wọn kàn án."

Mo ní, "Ṣé ìyá wọn ṣì wà láyé nígbà náà?"

Ó ní, "Ìwé ò sọ ìyẹn."

Mo ní, "Ìyẹn gan-an ló yẹ kó sọ."

Ó ń bá ìtàn lọ. Ó ní lẹ́yìn ogun àkọ́kọ́, ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ èèyàn tí kì í ṣe ẹlẹ́rọ rárá bẹ̀rẹ̀ sí kan bàálù kékeré sínú ilé ọkọ̀ wọn, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn olùkọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè di òòlù mú. Ó ní irú kan wà láàárín wọn tó ní apá méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí imú rẹ̀ bá ti doríkodò jù, àwọn apá méjèèjì á máa dá afẹ́fẹ́ rú mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò sì ní lè gbé imú sókè mọ́ títí yóò fi kanlẹ̀. Àwọn kan kú sínú rẹ̀ kí àwọn aláṣẹ tó fòfin dè é. Ẹ̀rín ló ń rín bó ṣe ń sọ ọ́ fún mi, bí ẹni ń ròyìn ìgbéyàwó. Ó ní lẹ́yìn ogun kejì, àwọn ará Amẹ́ríkà gba iṣẹ́ náà kanrí, wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ tà fún ara wọn, wọ́n sì ń pàdé lọ́dọọdún láti fi bàálù wọn han ara wọn. Mo ní ṣé wọn ò ní oko ni.

Ó ní tiwa kò rí bíi ti apá méjì yẹn. Tiwa, ló wí, bí ẹni pé mo ti tọrọ ìpín níbẹ̀. Bàálù tó wà nínú àwòrán tirẹ̀, apá gbọọrọ kan ló ní, tó kọjá lókè orí awakọ̀. Ara rẹ̀ jẹ́ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n jó pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, nítorí onígun mẹ́ta kì í yẹ̀. Apá rẹ̀ jẹ́ igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí wọ́n á wá fi aṣọ bò. Ènìyàn kan ṣoṣo ló ń jókòó sínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni ti mọ́tò kékeré ẹlẹ́yìn roboto tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá, tó kún ìgboro nígbà náà. Àwọn tó ń kan bàálù lágbàlá fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì yẹn nítorí afẹ́fẹ́ ló ń mú un tutù. Kò ní rédíétọ̀, kì í gbé omi, ó sì fúyẹ́.

Ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ yìí ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ó yá òṣùwọ̀n lọ́wọ́ àwọn alálùbọ́sà, ó gbé e sí àárín ṣọ́ọ̀bù, gbogbo nǹkan ló ń wọ̀n, títí kan nọ́ọ̀tì tó kéré bí èékánná. Ó wá páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àga ilé ìwé káàkiri ìlú, èyí tó bá sì wúwo ju bí ìwé ṣe wí, yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní gbogbo ìwúwo tí kò bá níṣẹ́ tó ń ṣe, ikú ni. Mo ní kó tún un sọ kí n gbọ́. Ó tún gbé nọ́ọ̀tì kan lé òṣùwọ̀n.

Mo bá sọ ọ́ fún un kedere. Mo ní, "Máa kàn án lọ. Ṣùgbọ́n o ò ní fò. Ìyá wa ò fi ọ́ sọ́wọ́ mi kí n di ọ́ sínú aṣọ funfun dá padà."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

Èsì tí ẹni tí kò ní gbọ́ máa ń fúnni nìyẹn.

Mo fọkàn balẹ̀ díẹ̀, nítorí mo mọ bí àwọn ọkùnrin ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan. Ní Sokoto ìgbà yẹn, ẹ lè rìn láti Tudun Wada dé Gidan Igwai kẹ́ ẹ má rí nǹkankan ju ilé tí wọ́n mọ dé ojú fèrèsé tí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Mo rò pé tirẹ̀ náà á rí bẹ́ẹ̀. Páìpù á dípẹtà, igi á jẹ́ ti ikán, òun náà á gbéyàwó.

Ṣùgbọ́n ó kan ara bàálù náà tán. Ó ra ẹ́ńjìnnì ìjàpá àlòkù, ó fi igi ṣe apá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí fi aṣọ bò ó, ibẹ̀ ni mo ti wọ ọ̀ràn náà. Mo yọjú sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá a tó ń rán aṣọ mọ́ apá bàálù pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rán àpò ọkà gèrò. Ojú abẹ́rẹ́ kan ga, èkejì wọ́lẹ̀, òwú ń já, aṣọ ṣe wúruwùru. Irú ìránṣọ yẹn, mi ò lè jẹ́ kí aṣọ ìnulẹ̀ mi gbé e jáde. Inú bí mi. Mo já gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá tilẹ̀ máa sin bàálù yìí, kò ní jẹ́ pẹ̀lú ìránṣọ játijàti, nítorí gbogbo Tudun Wada mọ̀ pé èmi ni aránṣọ inú ilé wa.

Mo lọ sọ́jà lọ ra aṣọ òwú funfun tó ki, ìgàn lórí ìgàn. Aláṣọ náà, Háúsá àgbàlagbà kan, wo iye tí mo ń rà, ó fa ojú ro.

Ó ní, "Wa ya rasu?" Ta ló kú?

Mo ní kò tíì sí.

Ó ní, "Allah ya kyauta." Kí Ọlọ́run ṣe é ní rere. Kò béèrè nǹkan mìíràn, ó gé aṣọ fún mi.

Ìránṣọ bàálù kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Aṣọ ò kàn dúró lára igi bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn ló gbọ́dọ̀ ti òkè apá wọlé kó yọ nísàlẹ̀, kó yí eegun igi náà ká, kó tún padà sókè, ẹ ó wá ta kókó kan tí kò gbọdọ̀ yọ̀, ẹ ó sì ti fi ìda oyin pa òwú náà kó má baà rà. Bí kókó kan bá yọ̀, afẹ́fẹ́ á wọ abẹ́ aṣọ, á gbé e wú bí bùbá tí atẹ́gùn kó sí, bàálù á sì já bọ́. Gbogbo èyí ló wà nínú ìwé. Mo ní kí àbúrò mi ka ibẹ̀ fún mi léraléra, mo sì ta kókó mi ju bí ìwé ṣe wí lọ. Lẹ́yìn èyí ló wá kun aṣọ náà ní ọ̀dà kan tó ń rùn bí ọ̀dà èékánná, aṣọ fà gan-an, kò sí ibì kan tó wú. N ò ní purọ́, ó dára. Iṣẹ́ tèmi ló dára níbẹ̀.

Bí ó ṣe kù díẹ̀ kó parí ni àwọn ọlọ́lá mi ti Tudun Wada dé.

Àwọn wẹ́dà wa ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní ọwọ́ àgbà. Bí ọmọṣẹ́ tó ti ṣe fìrídọ́ọ̀mù bá ń ṣe iṣẹ́ ńlá àkọ́kọ́ tirẹ̀, gbogbo ọ̀gá inú ẹgbẹ́ ni yóò wá fọwọ́ kan iṣẹ́ náà. Oníkálukú á jó irin tirẹ̀ kan mọ́ ọn, kó lè hàn pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ tí kò lẹ́ni lẹ́yìn. Irin tí ọ̀gá bá sì ti jó mọ́ ọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ayùn kàn án láìgbàṣẹ lẹ́nu ọ̀gá náà. Bó bá jẹ́ géètì ni, kò burú. Bó bá jẹ́ bọ́dì tírélà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Alága wọn ló ṣáájú, àgbàlagbà ará Ìlọrin kan tí iná ti lu aṣọ rẹ̀ ní ihò kéékèèké, tó jẹ́ pé bó bá dúró lójú oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ lára rẹ̀. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀. Alága ní, "Sannu da aiki," ó kí i kú iṣẹ́. Ó wá yí bàálù náà po, àwọn ọ̀gá yòókù ń tẹ̀ lé e. Ó fọwọ́ gbá a. Ó tún un gbá. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Ó ní, "Ọmọ mi, èyí ò le o."

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ní kó rí nìyẹn. Kó lè fúyẹ́ ni."

"Ta ló ní bẹ́ẹ̀?"

"Ìwé ni, Bàbá."

"Ẹni tó kọ ìwé náà, ṣé ó mọ irú atẹ́gùn tó ń fẹ́ ní Sokoto?"

Àwọn ọ̀gá yòókù mi orí. Ọ̀kan nínú wọn ní wallahi, òótọ́ ni Bàbá sọ. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn lójú ẹsẹ̀, wọn ò sì bi ẹni tó ni bàálù ní ìbéèrè kankan. Ẹni kan gbé irin tí wọ́n fi ń ṣe férémù géètì wá, ó jó o sábẹ́ ìjókòó. Ẹni kan gé páànù tírélà, ó fi di ìrù. Ẹni kan tẹ irin rọ́ọ̀dù yí orí ẹsẹ̀ táyà ká. Alága fúnra rẹ̀ jó ọwọ́ ìdìmú kan síwájú, ọwọ́ ìdìmú géètì ilé olówó, pẹ̀lú òdòdó irin lórí. Ọ̀kan tiẹ̀ jó ìkọ́ àgádágodo mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ti ìkọ́. Ó ní kí olè má baà gbé e lọ.

Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń wò wọ́n, mo ń pòṣé. Àwọn àgbààgbà tí wọ́n jó irin títí irun orí wọn fi funfun, wọn ò lè fún ọmọ kan ní nǹkan ju ohun tí wọ́n ti mọ̀ lọ, wọn ò sì lè ronú pé nǹkan kan wà láyé tí kì í ṣe géètì. Mo bú wọn nínú mi, mo sì tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú mi. Bí wọ́n ṣe ń jó irin kan mọ́ ọn ni ọkàn mi ń balẹ̀ sí i.

Nígbà tí wọ́n lọ, àbúrò mi fa òṣùwọ̀n alálùbọ́sà jáde. Ó gbé imú bàálù lé e, ó gbé ìrù lé e. Ó jókòó sílẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tó ò sọ fún wọn?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́?"

Mo yínmú sí i. Mo lọ gbé ọbẹ̀ kaná.

Nígbà ọyẹ́ ni wọ́n gbé e jáde. Àdúgbò Mabera ò tíì kún bó ṣe kún lónìí. Ilẹ̀ gbalasa kan wà lẹ́yìn rẹ̀, tí màlúù ti tẹ̀ títí tó fi le, ọ̀nà rẹ̀ tọ́ títí dé ibi tí oko àlùbọ́sà ti bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọrọ àyè lọ́wọ́ ìjọba, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ẹgbẹ́ wẹ́dà wọ agbádá. Wọ́n ti bàálù náà gba àárín ìlú bí ẹni ń sin ìyàwó, àwọn ọmọdé Háúsá ń sá tẹ̀ lé e, wọ́n ń fi èdè wọn pariwo pé bàálù rèé, "Jirgin sama."

Àbúrò mi wọlé, ó ta ẹ́ńjìnnì, abẹ̀bẹ̀ onígi iwájú ń yí. Eruku bo gbogbo wa. Ó sáré. Ó sáré gan-an. Ìrù rẹ̀ gbéra díẹ̀, mo di orí mi mú. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Ó sáré títí ó fi dé etí oko àlùbọ́sà, ó dúró, wọ́n yí i padà, ó tún sáré wá, kò tún gbéra. Bó ṣe ń lọ bó ṣe ń bọ̀ nìyẹn, bíi mọ́tò kan tó gbé àjà dání. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà àwọn àgbà.

Alága yí i po, ó fọwọ́ gbá a. Ó ní kí gbogbo èèyàn wò ó, kò sí ibì kan tó ṣẹ́. Àwọn ọ̀gá yòókù bọ ara wọn lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹ̀gàn. Mo rò nínú mi pé bóyá àgbàlagbà yìí tiẹ̀ gbọ́n ju bí mo ṣe rò lọ, pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi irin di ọmọ náà mọ́lẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ni. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ṣé o. Ẹ ṣé tí ẹ ò jẹ́ kó gbéra."

Ó wò mí. Ó ní, "Àwa kọ́ o. Irin rẹ̀ ni kò tíì tó. Bí a bá fi díẹ̀ kún un, á fò."

Mo dìde, mo gbọn eruku orúnkún mi nù. Ọlọ́gbọ́n ni mo pè é, ọlọ́gbọ́n kankan kò sí níbẹ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí lọ láti ilé ọ̀gá kan dé ilé ọ̀gá kejì, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń tọrọ àyè láti gé irin wọn kúrò. Kò sẹ́ni tó gbà fún un. Ọ̀kan bi í pé ṣé ọwọ́ òun ló fẹ́ gé. Ọ̀kan ní kó kọ́kọ́ lọ mú ìyá rẹ̀ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó wá gbọ́ ọ. Alága ní òun ò bínú, ṣùgbọ́n òun ò gbọ́. Ó padà wá jókòó sábẹ́ apá bàálù, kò jó irin fún ẹnikẹ́ni mọ́, oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, á fọwọ́ kàn án, á fi í sílẹ̀. Mo ti rí ohun tí mo fẹ́ gbà. Ilẹ̀ ni ọmọ ìyá mi wà. Ó yẹ kí n jókòó kí n sinmi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń rí i níbẹ̀, tó káwọ́ lérí bí opó, ó bẹ̀rẹ̀ sí rí mi lára. Mo ń gbẹ́ ojú bọ́tìnnì lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

Mo ní, "Òfurufú ò bà ọ́ lẹ́rù, ojú àwọn arúgbó ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Irú ọkùnrin wo nìyẹn?"

Ó dìde, ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú ayùn irin. Mo gbọ́ tí ayùn bẹ̀rẹ̀ sí dún. Mo ju aṣọ sílẹ̀, mo sáré wọlé, mo ní eré ni mo fi ṣe, mo ní kó fi ayùn sílẹ̀. Kò wojú mi. Ó gé irin abẹ́ ìjókòó, ó gé páànù ìrù, ó gé ìkọ́ àgádágodo, ó gé ọwọ́ ìdìmú Alága pẹ̀lú òdòdó orí rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló kó jọ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn wẹ́dà tó wà lódìkejì títì dúró, wọ́n ń wò ó. Ọ̀kan nínú wọn gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé Alága.

Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kejì, ó gbé bàálù lọ sí ilẹ̀ gbalasa náà. Èmi àti ọkọ mi la bá a tì í, ọkọ mi nítorí pé kì í lè kọ̀ fún ènìyàn, èmi nítorí pé mo fẹ́ dì í mú. Nígbà tó ta ẹ́ńjìnnì, mo di ọ̀pá tó gbé apá ró mú pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì. Mo ń pariwo pé ìyá wa ń retí rẹ̀. Ó yọrí jáde, ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi." Atẹ́gùn abẹ̀bẹ̀ já gèlè lórí mi. Mo na ọwọ́ mú gèlè, bàálù sì lọ.

Inú ìwé nìkan ló ti kọ́ fífò, kò fò bí ẹyẹ. Bí adìyẹ tí wọ́n lé kúrò nídìí ìkòkò ló ṣe fò, ó ta gìrì, ó balẹ̀, ó tún ta gìrì, kò sì tún balẹ̀ mọ́. Ó kọjá orí igi dógóyárò. Ó kọjá lórí oko àlùbọ́sà, àwọn tó ń bomi rin oko dìde dúró pẹ̀lú igbá lọ́wọ́. Mi ò wo àbúrò mi rárá. Ara aṣọ apá ni ojú mi wà, mo ń wo kókó òwú mi, mo ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń bú u, mo ń gbàdúrà fún un, ẹkún ń bọ́ lójú mi, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yí po, oòrùn àárọ̀ tàn gba inú aṣọ náà kọjá, mo rí gbogbo eegun apá láti ìsàlẹ̀. Ó padà wá, ó kan ilẹ̀, ó tún ta sókè, ó kan ilẹ̀, ó dúró. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo gbá a létí. Lẹ́yìn náà ni mo dì mọ́ ọn. Inú mi dùn. Mo bínú sí ara mi pé inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn ti dé Tudun Wada kí àwa tó dé. Wọ́n ti jókòó sábẹ́ ibòji ẹgbẹ́, Alága wà láàárín, àwọn irin tí àbúrò mi gé ni wọ́n tò síwájú wọn. Ọmọ kan láti àárín wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè bọ̀. Kò sí ẹni kan nínú wọn tó bi í pé báwo ni òkè ṣe rí. Kò sí ẹni tó bi í pé báwo ló ṣe yí i po, tàbí kí ló rí nísàlẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀ ni ẹni tó fún un láṣẹ láti fi ayùn kan ọwọ́ àgbà. Mo dúró lẹ́yìn, mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò tíì rí ojú tó ṣófo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo rò pé yóò yí ẹ̀yìn padà sí wọn. Ẹni tó fò lórí dógóyárò láàárọ̀ yẹn dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku, ó fi àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú, ọmọdé ló ń ṣe òun.

Alága ní àwọn ò bínú. Ó ní kó kó àwọn irin náà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ jó wọn padà lójú gbogbo ẹgbẹ́, yóò sì tún di ọmọ ilé. Bí kò bá fẹ́, kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Tudun Wada.

Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣé, Bàbá."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n fa bàálù náà jáde síwájú ibòji. Àwọn ọ̀gá jókòó sórí bẹ́ńṣì, wọ́n ń jẹ obì. Àbúrò mi kó àwọn irin náà jọ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń tan iná ìjórin. Ó yẹ kí n lọ sílé lọ fi orí kanlẹ̀ dúpẹ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí bí nǹkan yẹn ṣe lè gbéra mọ́, ọmọ ìyá mi á sì wà láàyè lọ́dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, irú èyí tí kò bí mi rí. Mo gba àárín wọn kọjá lọ bá a, mi ò kí ẹnikẹ́ni.

Mo ní, "Má jó o. Kó ẹrù rẹ. Lọ Kánò, lọ Kàdúná, ibi tó bá wù ọ́. Gbé bàálù rẹ, máa fò lọ."

Ó nu òógùn ojú rẹ̀, bí ẹni pé ó rẹ̀ ẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n má fò ni?"

Ó fa gíláàsì dúdú bojú, ó ṣa èyí tó nípọn jù nínú àwọn irin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí jó o padà sábẹ́ ìjókòó.